Kíkọ Ojú Ọjọ́ Sílẹ̀ Lóṣooṣù ní Nàìjíríà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè kan náà ló ń padà wá bá mi: lọ́wọ́ olùkọ́, lọ́wọ́ àgbẹ̀, lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣejáde, lọ́wọ́ àwọn ará wa tó ń wọn òjò ní ẹ̀yìnkùlé wọn nílùú ọba. Mo kó wọn jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú.

Kí ni àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ olóṣooṣù?

Ìwé kúkurú ni, tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí láàárín oṣù kan ní ìlú kan tàbí ní orílẹ̀-èdè kan: iye òjò tó rọ̀, iye ọjọ́ tó fi rọ̀, bí ọ̀sán ṣe gbóná tó, bí òru ṣe tutù tó, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, iye wákàtí tí oòrùn fi ràn, àti ohun tó ṣàjèjì, bí ìjì, yìnyín tàbí ọyẹ́ tó bo ojú ọ̀nà.

Àsọtẹ́lẹ̀ kọ́ ni. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ iye òjò tó ti ń rọ̀ tẹ́lẹ̀ kò lè sọ fún àgbẹ̀ pé tọdún yìí yóò pọ̀ tàbí yóò dín.

Ta ló ń ṣe iṣẹ́ yìí fún Nàìjíríà?

NiMet ni, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ojú ọjọ́. Òfin ọdún 2003 ló sọ ọ́ di àjọ tó dá dúró. Ẹ̀ka kan lábẹ́ ìjọba ló ń ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú ìgbà yẹn. Abuja ni olú iléeṣẹ́ wọn wà, ilé ẹ̀kọ́ wọn sì wà ní Oshodi, l'Ékòó. Púpọ̀ nínú ibùdó àyẹ̀wò wọn wà ní pápákọ̀ òfurufú, nítorí awakọ̀ òfurufú kò lè gbéra láìmọ bí atẹ́gùn àti kùrukùru ṣe rí.

Lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Bénin, Météo-Bénin ló ń ṣe é. Ní Tógò, ANAMET ni. Gbogbo wọn ń tẹ̀ lé ìlànà WMO, àjọ àgbáyé fún ojú ọjọ́, tí àdéhùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 1950. Ibùdó kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà tirẹ̀ káàkiri ayé: ti Ìkẹjà ni 65201. Nípa nọ́mbà yìí ni ẹni tó wà ní Japan fi ń mọ̀ pé òjò Ìkẹjà ni òun ń wò, kì í ṣe ti ìlú mìíràn.

Kí ni àpótí funfun tí mo ń rí nínú ọgbà wọn?

Inú rẹ̀ ni tẹmómítà ń gbé. Thomas Stevenson, ọmọ Scotland, ló ṣe irú rẹ̀ ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní. Wọ́n kùn ún ní funfun kí ó má baà gba ooru oòrùn mọ́ra, wọ́n sì ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bíi fèrèsé onípele kí atẹ́gùn lè máa gba inú rẹ̀ kọjá. Ooru inú afẹ́fẹ́ ni a fẹ́ wọ̀n. Bí ẹ bá gbé tẹmómítà sínú oòrùn, ooru tí gíláàsì fúnra rẹ̀ gbà ni yóò sọ fún yín.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílé. Kí ni mo nílò?

Fún òjò, ẹ kò nílò ju ike kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún régé láti ìsàlẹ̀ dé òkè, rúlà tó ní mìlímítà, àti ìwé. Ike tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí lọ yóò parọ́ fún yín. Bí ẹ bá ra ojúlówó ohun ìwọn òjò, ife tó bá a wá nìkan ni kí ẹ máa fi wọn omi rẹ̀, torí bí ẹnu ìgò ṣe fẹ̀ tó ni wọ́n fi fa ìlà sára ife náà.

Ibi tí ẹ gbé e sí ló ṣòro jù. Kò gbọ̀dọ̀ wà lábẹ́ igi tàbí létí òrùlé. Bí ògiri bá ga ní mítà mẹ́ta, ẹ jìnnà sí i tó mítà mẹ́fà, ó kéré tán. Nínú àgbàlá ọ̀pọ̀ ilé wa ní ìgboro, kò sí irú àyè bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ilé ìwé tàbí ilé ìjọsìn tó ní pápá, kí ẹ tọrọ igun kan níbẹ̀.

Wákàtí kan náà ni kí ẹ máa wò ó láràárọ̀. Bí ẹ bá wò ó ní aago méje lónìí, tí ẹ wò ó ní aago mẹ́wàá lọ́la, ọjọ́ kan ti gba wákàtí mẹ́ta lọ́wọ́ èkejì.

Kí ni mìlímítà òjò kan jẹ́ gan-an?

Bí òjò bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí kò ṣàn lọ, tí ilẹ̀ kò sì fà á mu, jíjìn omi tó bá dúró níbẹ̀ ni a ń kà. Mìlímítà kan lórí mítà kan níbùú lóòró jẹ́ omi lítà kan. Òrùlé tó fẹ̀ tó 100 mítà alágbèéká mẹ́rin, bí òjò 20 mm bá rọ̀ sí i, omi 2,000 lítà ló bọ́ sórí rẹ̀, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà ọgọ́rin. Ẹni tó bá ti ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò mọ ohun tí mò ń sọ.

Bí òjò kò bá rọ̀, ṣé mo ṣì ní láti kọ nǹkan?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ kọ 0. Bí ẹ kò bá sí nílé tí ẹ kò sì wò ó, ẹ má kọ 0. Ẹ fa ìlà kékeré síbẹ̀, kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Èyí ni mo máa ń tẹnu mọ́ ju ohun gbogbo lọ. Òdo jẹ́ ẹ̀rí pé ẹnìkan wò, kò sì rí omi. Àlàfo jẹ́ ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni kò wò. Mo ti rí ìwé òjò ilé ìwé kan níbi tí wọ́n kọ òdo sí gbogbo ọjọ́ Sátidé àti Àìkú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí. Ó hàn gbangba pé òjò ń rọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ni kò sí níbẹ̀. Odidi ọdún iṣẹ́ àwọn ọmọ náà kò wúlò fún àròpọ̀ kankan mọ́, ó sì dùn mí, nítorí àwọn ọjọ́ yòókù dára.

Bí ẹ bá padà dé lọ́jọ́ Ajé tí omi ọjọ́ mẹ́ta wà nínú ìgò, ẹ kọ iye rẹ̀ sí ọjọ́ Ajé, kí ẹ sì kọ ọ́ pé ti ọjọ́ mẹ́ta ni. Àròpọ̀ oṣù ṣì pé. Iye ọjọ́ tí òjò fi rọ̀ nìkan ni a pàdánù.

Òjò tó kàn rọ winniwinni, ṣé a ń ka ìyẹn mọ́ ọjọ́ òjò?

Ó dúró lórí ààlà tí ẹ fà. Ìlànà àtijọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni pé ọjọ́ tó bá ní 0.2 mm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọjọ́ òjò. Nínú ìròyìn olóṣooṣù tí àwọn orílẹ̀-èdè ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn, 1 mm ni ààlà. Èyí tí ẹ bá yàn nínú méjèèjì, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé yín, ẹ má sì yí i padà láàárín ọdún. Òjò tó rin ilẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tó wọ̀n, àmì ni wọ́n ń fi sí i, kì í ṣe nọ́mbà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí ìpíndọ́gba ooru oṣù kan?

Lójoojúmọ́, wọ́n á ka ibi tí ooru ga dé àti ibi tó lọ sílẹ̀ dé, wọ́n á ro méjèèjì pọ̀, wọ́n á pín in sí méjì. Bí ọ̀sán bá jẹ́ 33°C tí òru sì jẹ́ 23°C, ti ọjọ́ náà jẹ́ 28°C. Wọ́n á wá ro gbogbo ọjọ́ oṣù pọ̀, wọ́n á fi iye ọjọ́ pín in.

Ní tèmi, ìròyìn tó bá kọ nọ́mbà kan ṣoṣo yìí nìkan kò tíì sọ̀rọ̀. Nígbà ọyẹ́ ní Kánò, ọ̀sán lè gbóná kí òru sì tutù wọ eegun. Ní Calabar lásìkò òjò, ọ̀sán àti òru kò jìnnà síra. Ìpíndọ́gba méjèèjì lè súnmọ́ra gan-an. Ẹ kọ ti ọ̀sán lọ́tọ̀, kí ẹ kọ ti òru lọ́tọ̀. Òru tó gbóná ló ń pa arúgbó àti ọmọ ọwọ́ lára nínú ilé tí kò ní iná mànàmáná.

Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ tó parí oṣù. Oṣù wo ló ni ín?

Ní Bìrìtéènì, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ (GMT, aago àgbáyé) dé aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọjọ́ òjò, ọjọ́ tó ti kọjá ni wọ́n sì ń kọ ọ́ sí. Omi tí ẹ bá bá nínú ìgò ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, oṣù Karùn-ún ló ni ín. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London tàbí Manchester, tí ẹ fẹ́ fi ìwé yín wé ti ìjọba ibẹ̀, ẹ rántí pé aago mẹ́sàn-án GMT ti di aago mẹ́wàá lójú aago yín nígbà ooru ibẹ̀.

Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú GMT jálẹ̀ ọdún, nítorí náà àwa kò ní wàhálà yẹn. Tiwa ni kí a má ṣe da aago ìbílẹ̀ àti ti àgbáyé pọ̀ nínú ìwé kan náà. Ẹ kọ èyí tí ẹ ń lò sí ojú ewé àkọ́kọ́.

Ọjọ́ mélòó ló lè sọnù kí ìwé oṣù náà tó bàjẹ́?

Fún ooru, ìlànà WMO ti ọdún 2017 sọ pé a kò gbọdọ̀ ṣírò ìpíndọ́gba oṣù bí ọjọ́ 11 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá sọnù, tàbí bí ọjọ́ 5 tó tẹ̀ léra wọn bá sọnù.

Ti òjò le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àròpọ̀ ni òjò, ọjọ́ kan ṣoṣo tó bá sọnù sì lè jẹ́ ọjọ́ tí ọ̀wààrà rọ̀. Bí ọjọ́ kan bá sọnù tí a kò sì wọn omi rẹ̀ mọ́ ti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, kò sí àròpọ̀ fún oṣù náà. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun ènìyàn, pàápàá nígbà tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá pé tó sì ku ẹyọ kan. Ẹ má fi tàdúgbò dí i láìsọ.

Ìgbà wo ni ìròyìn oṣù ń kúrò nílé?

Ìròyìn olóṣooṣù tí ibùdó ń fi ránṣẹ́ sí àgbáyé ni wọ́n ń pè ní CLIMAT. Ó yẹ kó jáde ní ọjọ́ karùn-ún oṣù tó tẹ̀ lé e, kò sì yẹ kó kọjá ọjọ́ kẹjọ. NiMet tún máa ń ṣe ìwé ọlọ́jọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá fún àwọn àgbẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀, nítorí oṣù gùn jù fún ẹni tó gbin àgbàdo. Bí òjò 100 mm oṣù Kẹrin bá rọ̀ tán ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, tí ọ̀dá sì tẹ̀ lé e fún ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, àròpọ̀ oṣù yóò dára lójú ìwé, irúgbìn yóò sì ti kú sílẹ̀.

Wọ́n ní òjò oṣù yìí "ju ti àtẹ̀yìnwá lọ". Àtẹ̀yìnwá wo?

Ìpíndọ́gba ọgbọ̀n ọdún ni. Èyí tó wà lóde báyìí bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ó parí sí 2020. Wọ́n yan ọgbọ̀n ọdún kí ọdún ọ̀dá kan tàbí ọdún ìkún omi kan má baà fa gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn kan ṣì ń lo 1961 sí 1990 láti fi hàn bí ayé ṣe gbóná sí i. Kò burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n lò. Oṣù kan náà lè gbóná díẹ̀ ju àtẹ̀yìnwá tuntun lọ, kó sì gbóná gan-an ju ti àtijọ́.

Ìròyìn kan ní òjò wa tó ìlọ́po mẹ́ta. Ṣé ká bẹ̀rù?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè oṣù tó jẹ́. Ká fi nọ́mbà àpẹẹrẹ ṣe é: ìlú kan máa ń rí 8 mm lóṣù Kìíní, lọ́dún yìí ó rí 24 mm. Ìlọ́po mẹ́ta ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò ìrọ̀lẹ́ kan péré ni. Ìlú kan náà máa ń rí 180 mm lóṣù Kẹsàn-án, ó wá rí 120. Ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan ló dín, ìyẹn 60 mm, iṣu àti àgbàdo sì ti mọ̀ ọ́n lára. Ẹ máa kọ ìyàtọ̀ ní mìlímítà pẹ̀lú ìlọ́po. Oṣù ẹ̀ẹ̀rùn ni ìlọ́po máa ń tan ènìyàn jẹ jù.

Ìwé ní oṣù Kẹjọ ni òjò máa ń sinmi nílẹ̀ Yorùbá. Kí ló dé tí ìkún omi Ìbàdàn fi bọ́ sí oṣù Kẹjọ?

Òótọ́ ni méjèèjì. Láàárín oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, òjò máa ń dín kù ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, kó tó tún le lóṣù Kẹsàn-án. Síbẹ̀, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa ya wọ ilé, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 sì ni òjò tó ju 180 mm lọ rọ̀ ní Ìbàdàn láàárín wákàtí díẹ̀, tó gbé afárá àti ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ.

Ìpíndọ́gba ń sọ ohun tó wọ́pọ̀, kì í sọ ohun tó ṣeé ṣe. Ìdí nìyí tí àkọsílẹ̀ oṣù fi gbọ́dọ̀ ní àyè kan fún òjò ọjọ́ kan tó pọ̀ jù, pẹ̀lú ọjọ́ tó rọ̀. Bí ẹ bá kọ àròpọ̀ nìkan, oṣù tí omi ti kó ìlú lè dàbí oṣù mìíràn tí òjò rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fi ara pa. Ẹnjiníà tó ń ya afárá tuntun, òjò ọjọ́ kan yẹn ló ń wá.

Ṣé a lè fi nọ́mbà kan sọ òjò gbogbo Nàìjíríà?

A lè ṣe é. Ìlò rẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù. Calabar ń rí ju 2,500 mm lọ lọ́dún, Maiduguri kò tó 700. Bí ẹ bá pín méjèèjì ní dọ́gba, ẹ óò rí iye tí kò jẹ́ ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Oṣù Kẹjọ tún le jù: ìgbà náà ni òjò ń sinmi l'Ékòó, ìgbà náà gan-an ló ń pọ̀ jù ní Kánò. Bí ti àríwá bá lọ sókè tí ti gúúsù sì wá sílẹ̀, àpapọ̀ orílẹ̀-èdè lè dúró sójú kan, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Bí ẹ bá tilẹ̀ ní láti ṣe é, ẹ má kàn ro ibùdó pọ̀ kí ẹ pín in. Ilẹ̀ tí ibùdó kọ̀ọ̀kan ń ṣojú fún ni kí ẹ wọ̀n. Ní 1911, Alfred Thiessen ní Amẹ́ríkà kọ ọ̀nà kan jáde: gbogbo ibi tó súnmọ́ ibùdó kan ju òmíràn lọ, ti ibùdó yẹn ni. Nàìjíríà fẹ̀ tó 923,768 kìlómítà alágbèéká mẹ́rin. Bí ẹ bá fi ibùdó 50 ṣírò, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣojú fún ilẹ̀ tó fẹ̀ tó Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ́nà méjì. Gbogbo wa la mọ̀ pé òjò lè rọ̀ ní Òṣogbo kí Ẹdẹ gbẹ.

Ṣebí sátẹ́láìtì ń rí gbogbo rẹ̀ báyìí?

Sátẹ́láìtì kì í wọn omi. Ó ń wo bí orí àwọsánmà ṣe tutù tó àti àwọn àmì mìíràn, ó sì ń ti ibẹ̀ méfò iye òjò. Ìgò ìwọn òjò tó wà nílẹ̀ ni wọ́n fi ń tún un ṣe. CHIRPS, àkójọ iye òjò tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ń po àwòrán sátẹ́láìtì mọ́ ìwé ibùdó. Níbi tí ibùdó bá ti jẹ́ ẹyọ kan láàárín ilẹ̀ ńlá, ìméfò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ má fi rọ́pò ìwé ibùdó tó wà nítòsí yín.

Mo rí ìwé òjò àtijọ́ tí wọ́n fi íǹṣì kọ. Ṣé ó ṣì wúlò?

Ó wúlò gan-an. Íǹṣì kan jẹ́ 25.4 mm. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan kí kòkòrò tó jẹ ẹ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, pẹ̀lú íǹṣì rẹ̀, kí ẹ tó yí i sí mìlímítà sí ìlà mìíràn. Ẹ má pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, tí àrùn kòrónà sé gbogbo ènìyàn mọ́lé, Yunifásítì Reading ké sí ará ìlú láti bá wọn tẹ ìwé òjò àtijọ́ ilẹ̀ Bìrìtéènì sórí kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ju 16,000 jáde, wọ́n sì tẹ nọ́mbà tó ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Nípa iṣẹ́ wọn ni ìwé òjò olóṣooṣù ibẹ̀ fi dé 1836. Ó wù mí kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ìwé tó wà nínú àpótí iléeṣẹ́ ìjọba, oko ìwádìí àti ilé míṣọ́nnárì wa.

Wọ́n gbé ibùdó kúrò láàárín ìlú lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Ṣé a lè so ìwé méjèèjì pọ̀?

Kì í ṣe láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ìgboro tó kún fún páànù àti ọ̀dà máa ń mú ooru dání lóru ju pápá lọ. Bí ẹ bá so wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀, yóò dàbí ẹni pé ìlú náà tutù lójijì lọ́dún tí wọ́n kó.

Ohun tó dára jù ni kí ibùdó méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a lè mọ ìyàtọ̀ àárín wọn lóṣooṣù. Bí ìyẹn kò bá ṣẹlẹ̀, ẹ fi ìwé ìlú tó wà nítòsí wé e: bí ti aládùúgbò kò bá fò lọ́dún yẹn tí tiyín sì fò, kíkó ni, ojú ọjọ́ kọ́. Irú ìfò kan náà lè wá láti ara tẹmómítà tuntun, láti ara ilé tí wọ́n kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí láti ara igi máńgòrò tí ó dàgbà bo ìgò òjò láìsí ẹni tó kíyè sí i. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀.

Ọyẹ́ ni àbí kùrukùru? Wọ́n ń dàpọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Méjèèjì ló ń dí ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n omi ni kùrukùru, eruku aṣálẹ̀ sì ni ọyẹ́. Ẹ wo bí afẹ́fẹ́ ṣe rí. Bí ewé bá tutù tí aṣọ orí okùn kò gbẹ, kùrukùru ni. Bí ètè bá ń là tí eruku sì bo tábìlì, ọyẹ́ ni. Wọn kì í kọ kùrukùru sílẹ̀ àyàfi bí ojú kò bá ríran dé 1,000 mítà. L'Ékòó àti ní etí òkun, méjèèjì lè pàdé láàárọ̀ ọjọ́ kan náà lóṣù Kìíní. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ méjèèjì, pẹ̀lú wákàtí tí ọ̀kan gbà fún èkejì.